Bí mo ṣe ń to one-on-one nínú tíìmù tí kò ní ọ́fíìsì

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Àwọn ọ̀rẹ́ mi kan ṣẹ̀ṣẹ̀ di lead, ìyẹn ẹni tó ń darí tíìmù, níbi iṣẹ́ wọn, ìbéèrè kan náà ni gbogbo wọn sì ń bi mi, pé báwo ni mo ṣe ń ṣe one-on-one, ìyẹn ìpàdé tó jẹ́ èmi àti ẹnì kan ṣoṣo nínú tíìmù, nígbà tó jẹ́ pé ilé ni kálukú ti ń ṣiṣẹ́. Mo ti ń fi voice note dá wọn lóhùn lórí WhatsApp, ó ti wá ń gùn jù, ẹ jẹ́ kí n kúkú kọ ọ́ síbí, ẹni tó bá wúlò fún kó mú u, ẹni tí kò bá wúlò fún kó jẹ́ kó kọjá.

Èrò tèmi ni kí n kọ́kọ́ sọ, torí òun ni gbogbo ìyókù dúró lé. One-on-one kìí ṣe ibi tí ọ̀gá ti ń gba àbọ̀ iṣẹ́. Ọmọ iṣẹ́ ló ni ín. Tí mo bá fẹ́ mọ ibi tí iṣẹ́ dé, Jira tá a fi ń tọpa iṣẹ́ wà ńbẹ̀, GitHub tá a ń kó kóòdù sí wà ńbẹ̀, àràárọ̀ la sì ń ṣe standup, ìyẹn ìpàdé kúkúrú tí kálukú ti ń sọ ibi tó bá iṣẹ́ dé, mo lè rí gbogbo ẹ̀ láì yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Nǹkan tí Jira ò lè sọ ni mò ń wá lọ: ẹni tí kò rí oorun sùn mọ́ torí on-call, ìyẹn wíwà ní ìmúrasílẹ̀ tí nǹkan bá bàjẹ́ lóru, ẹni tó rò pé mo fojú pa iṣẹ́ òun rẹ́, àwọn méjì tí wọn ò bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́ àfi nínú comment lórí pull request, ìyẹn kóòdù tí èèyàn gbé kalẹ̀ kí àwọn yòókù yẹ̀ ẹ́ wò kó tó wọlé, ẹni tí wọ́n ti pè fún interview níbòmíì tó ṣì ń rò ó bóyá kóun lọ àbí kóun dúró. Tẹ́ ẹ bá fi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú yẹn ka ticket, ìyẹn àwọn iṣẹ́ tó wà lórí Jira, láti òkè dé ìsàlẹ̀, ẹ ti fi àkókò ẹ̀yin méjèèjì ṣòfò, ẹ sì ti kọ́ ọmọ yẹn pé ohun kan ṣoṣo tẹ́ ẹ fẹ́ gbọ́ lẹ́nu ẹ̀ ni "ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí".

Tíìmù tiwa ò tóbi. Ìbàdàn lèmi wà, ní Akóbọ̀. Ẹni méjì wà l'Ékòó, ọ̀kan ní Ìlọrin, ọ̀kan l'Ábẹ́òkúta, ọ̀kan ní Manchester, ọ̀kan ní Toronto, ẹni tó kù sì wà ní Bengaluru ní Íńdíà. Sọ́fítíwíà tí àwọn ilé ìtajà fi ń ka ọjà tó wà nílẹ̀ la ń kọ, kìí ṣe nǹkan bàbàrà, àmọ́ tó bá dákú lọ́jọ́ Sátidé tí ọjà ń tà, gbogbo wa la máa jí.

Nígbà tí mo ṣì ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì ní Yaba, a ò fún nǹkan yìí lórúkọ, ó kàn ń ṣẹlẹ̀ ni. Ẹ jọ lọ jẹ àmàlà lọ́sàn-án, ẹ jọ dúró de danfo nírọ̀lẹ́, ìgbà tí ọkọ̀ á fi dé ẹnì kan á ti tú gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀ sílẹ̀. Tí inú bá bí ẹnì kan, gbogbo yín lẹ máa gbọ́ bó ṣe ti ilẹ̀kùn. Ní tíìmù tó jẹ́ orí Slack, áàpù tá a fi ń fọ̀rọ̀ ránṣẹ́ níbi iṣẹ́, la ti ń rí ara wa, dọ́ọ̀tì aláwọ̀ ewé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ èèyàn ni gbogbo ohun tá a ń rí, dọ́ọ̀tì yẹn ò sì mọ̀ bóyá ẹni náà ń sunkún lẹ́yìn kọ̀ǹpútà.

Ẹnì kan á ní ṣebí standup wà. Standup kọ́. Lójú èèyàn mẹ́jọ, ta ló fẹ́ sọ pé kóòdù tóun ti ń bá wọ̀yáàjà láti ọjọ́ Ajé ò yé òun? "Mo ṣì wà lórí ẹ̀, màá parí ẹ̀ lónìí" ni gbogbo wa máa ń sọ, lọ́jọ́ kejì a tún sọ ọ́, kò sẹ́ni tó máa bi wá torí ó ti kan ẹlòmíì.

Ẹ wá fi bí wọ́n ṣe tọ́ wa nílé kún un. Ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa, tí ọ̀gá ẹ̀ bá ní ṣé kò sí, á ní "kò sí wàhálà sà". Ilé lè máa jó lẹ́yìn ẹ̀ o, kò sí wàhálà sà. Ọmọkùnrin wa tó wà ní Ìlọrin, òun ló kéré jù nínú wa, "ẹ̀gbọ́n" ló ń pè mí lórí Slack, tá a bá wá wà lórí fóònù ó di "sà" lẹ́yìn gbogbo gbólóhùn. Mo mọ àwọn lead tó máa ń ní kí wọ́n máa pe àwọn lórúkọ, pé tíìmù òde òní làwọn ń ṣe. Èmi ò ṣe é. Ọmọ tí ara ẹ̀ kọ̀ láti pe ẹni tó jù ú lọ lórúkọ, tẹ́ ẹ bá fi dandan lé e, orúkọ yẹn nìkan láá máa rò títí ìpàdé á fi parí. Kó máa pè mí lẹ́gbọ́n jàre, àwọn ẹ̀gbọ́n kan ṣáà wà tí èèyàn ń sọ òótọ́ fún.

Ìbéèrè ni mo yí padà. "Ṣé kò sí?" ti ní ìdáhùn tiẹ̀ nílẹ̀ tẹ́lẹ̀, ìkíni ni, kìí ṣe ìbéèrè. Nítorí náà mo ń wá èyí tí "kò sí" ò lè bá mu. Kí ló jẹ ẹ́ ní àkókò jù lọ́sẹ̀ yìí tí kò yẹ kó jẹ ẹ́? Iṣẹ́ ta lo ń dúró dè? Ibo nínú kóòdù wa lo kìí fẹ́ fọwọ́ kàn? Tó bá jẹ́ ìwọ ni wọ́n fi ṣe lead lọ́la, kí lo máa kọ́kọ́ dá dúró? Èyí tó kẹ́yìn yẹn, ìgbà àkọ́kọ́ tí mo bi ọmọ Ìlọrin wa, ẹ̀rín ló fi dáhùn, ó ní "háà, ẹ̀gbọ́n, ẹ má kó mi sí wàhálà". Mo ní kò burú, mo jẹ́ kó lọ. Mo tún bi í nígbà tá a tún pàdé. Ó pẹ́ kó tó sọ ọ́, ó sì sọ ọ́ bíi pé òun ń tọrọ àforíjì ni: pé ẹnì kan nínú àwọn àgbà tíìmù, òru ló máa ń ka pull request òun, tóun bá jí láàárọ̀ òun á bá comment jánganjàngan, òun á tún gbogbo ẹ̀ kọ, lóru ọjọ́ yẹn òmíràn á tún dé, òun ti wá ń rò pé bóyá iṣẹ́ yìí ò tiẹ̀ yẹ òun.

Ẹ wò ó, lórí Jira, ohun tí mò ń rí ni pé ticket ẹ̀ ń pẹ́. Tó bá jẹ́ Jira nìkan ni mo gbójú lé, ọ̀rọ̀ tí màá bá a sọ ni pé kó yára. Ẹni tó ń ka kóòdù ẹ̀ náà ò ṣe nǹkan burúkú, òru ni ọmọ ẹ̀ máa ń sùn, ìgbà yẹn ló ń ráàyè, ó sì rò pé òun ń kọ́ àbúrò òun níṣẹ́ ni. Nígbà tó kan one-on-one ti àgbà yẹn, mo béèrè bó ṣe ń rí i pẹ̀lú àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, òun fúnra ẹ̀ ló mú ọ̀rọ̀ review jáde, mi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ibi tá a parí ẹ̀ sí ni pé kí pull request má máa tóbi bẹ́ẹ̀ mọ́, tí comment bá sì ti ń pọ̀ jù kí wọ́n pera wọn, kí wọ́n jọ wò ó lójú kan náà. Ọ̀rọ̀ tán. Kò sí ẹni tó gbé e lọ sí channel Slack tí gbogbo èèyàn ti máa rí i.

Ẹ má fo ìkíni o. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kọ́ èèyàn bí wọ́n ṣe ń ṣe mánéjà lédè òyìnbó máa ń sọ pé kí wọ́n fi ìṣẹ́jú kan tàbí méjì ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà kí wọ́n tó wọnú iṣẹ́. Lọ́dọ̀ tiwa, ìkíni yẹn gan-an ni iṣẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Tí mo bá kí ẹni tó wà l'Ábẹ́òkúta pé màmá ń kọ́, tó ní "wọ́n wà, a dúpẹ́", tí "a dúpẹ́" yẹn sì falẹ̀, mo ti mọ̀ pé ilé ìwòsàn ló wà láti àná, mi ò tún ní bẹ̀rẹ̀ sí bi í nípa release, ìyẹn ẹ̀dà tuntun tá a fẹ́ gbé jáde. Àmọ́ ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ fún gbogbo èèyàn. Ẹni wa ní Bengaluru, tí mo bá béèrè màmá, bàbá àti ilé lọ́wọ́ ẹ̀ ní ìpàdé àkọ́kọ́, á rò pé ọlọ́pàá ni mí. Ọ̀rọ̀ kíríkẹ́ẹ̀tì ló ń ṣí i lẹ́nu. Mi ò mọ nǹkankan nípa kíríkẹ́ẹ̀tì, mo ń gbọ́ ọ ni.

Ó yá, ọ̀rọ̀ àkókò. Ibí ni wàhálà pọ̀ sí jù, ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀.

Aago Nàìjíríà kìí yí. Ọdún wọlé ọdún jáde, wákàtí kan la fi ṣíwájú UTC, aago tí gbogbo ayé fi ń ṣe òṣùwọ̀n, a ò mọ̀ nípa pé wọ́n ń sún aago. Àwọn òyìnbó ń sún tiwọn síwájú ní wákàtí kan nígbà ooru, wọ́n á sì dá a padà nígbà òtútù, èyí tó wá burú ńbẹ̀ ni pé wọn kìí sún un lọ́jọ́ kan náà. Ọ̀pọ̀ ibi ní Amẹ́ríkà àti Kánádà, Sunday kejì nínú oṣù March ni, àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní tiwọn ń dúró di Sunday tó kẹ́yìn oṣù yẹn. Ní 2026, ọjọ́ 8 March ló bọ́ sí fún Toronto, ọjọ́ 29 March fún Manchester. Tó bá di ìparí ọdún, Manchester ló ń kọ́kọ́ dá tiẹ̀ padà, 25 October, kí Toronto tó tẹ̀lé e ní 1 November. Láàárín àwọn ọjọ́ yẹn, gbogbo ìṣirò tẹ́ ẹ ti há sórí ti dojú rú.

Nígbà òtútù wọn, wákàtí mẹ́fà ni Toronto fi wà lẹ́yìn wa, nígbà ooru ó di márùn-ún. Manchester, wákàtí kan nígbà òtútù, nígbà ooru aago wa àti tiwọn á bára mu. Bengaluru kìí sún rárá bíi tiwa, wákàtí mẹ́rin àbọ̀ ni wọ́n fi ṣíwájú wa, àbọ̀ yẹn ló sì máa ń tan èèyàn jẹ. Aago mẹ́wàá àárọ̀ n'Ìbàdàn, aago méjì àbọ̀ ọ̀sán lọ́dọ̀ wọn. Tó bá jẹ́ aago mẹ́rin irọ̀lẹ́ lẹ fi sí, ilẹ̀ ti ṣú mọ́ ẹni yẹn lọ́wọ́, oúnjẹ alẹ́ ló ń rò.

Nínú Google Calendar, ìpàdé kọ̀ọ̀kan ló ní aago ìlú tí wọ́n fi dá a, ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ pé ó ṣe é yàn. Tí mo bá fi aago Èkó dá ìpàdé èmi àti ẹni tó wà ní Toronto sí aago mẹ́rin irọ̀lẹ́, aago mẹ́wàá àárọ̀ ni lọ́dọ̀ ẹ̀ nígbà òtútù, tó bá di March ó di mọ́kànlá. Tó bá jẹ́ aago Toronto ni mo fi dá a, tiẹ̀ á dúró síbi mẹ́wàá, tèmi ló máa sún láti mẹ́rin bọ́ sí mẹ́ta. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ sún, kò sí ọgbọ́n tá a lè dá sí i. Èmi ni mo ń sún. Ó ń gbé ọmọ lọ sí ilé ìwé láàárọ̀, ó ní mítìn míì tó ti so mọ́ aago ìlú ẹ̀, èmi ni mo sì jẹ́ lead, kò yẹ kó jẹ́ pé ẹni tó wà lábẹ́ mi láá máa yí ilé ẹ̀ po nítorí kàléńdà mi. Àmọ́ tí tèmi bá bọ́ sí aago mẹ́ta, ṣé kò ní kọlu ẹlòmíì? Ìdí nìyẹn tí wákàtí tó ṣáájú ti Toronto fi ń wà lófìfo lọ́dọ̀ mi ní gbogbo ọdún, mi ò ń gbé nǹkankan síbẹ̀, kóòdù ni mò ń kọ níbẹ̀ tí kò bá sí ẹni tó sún. Ẹ tún lọ sí settings kẹ́ ẹ fi aago àwọn ìlú yòókù sẹ́gbẹ̀ẹ́ tiyín, kẹ́ ẹ lè máa rí i pọ̀, ẹ yé fi ìka ṣírò.

Ọjọ́ Jímọ̀, mi ò kí ń gbé one-on-one sí ọ̀sán. Ọmọ Ìlọrin wa àti ọ̀kan nínú àwọn ará Èkó, mùsùlùmí ni wọ́n, láti nǹkan bí aago kan sí méjì mọ́sáláàṣí ni wọ́n wà, tẹ́ ẹ bá sì mọ Èkó ẹ mọ̀ pé àtilọ àtibọ̀ lè gbà ju ìrun lọ. Àwọn fúnra wọn ò ní sọ fún yín pé àkókò yẹn ò rọrùn, wọ́n kàn máa ń sáré jáde kí ìrun tó parí tán láti wá bá yín níbi mítìn. Mo ní kí wọ́n fi í sórí kàléńdà gẹ́gẹ́ bí àkókò tí ọwọ́ wọn dí, kó máa padà wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kó jẹ́ pé kàléńdà ló ń bá wọn kọ̀. Tó bá di Ramadan, ẹ kíyè sí aago mẹ́fà sí méje irọ̀lẹ́. Toronto á rí i pé ọ̀sán ni lọ́dọ̀ wọn, pé ó dáa, ẹni tó ti ń gbààwẹ̀ látàárọ̀ sì ń wo ago omi tó wà níwájú ẹ̀. Àwọn onígbàgbọ́ náà ní àárín ọ̀sẹ̀ tiwọn, Bible study Tuesday ń bẹ, ẹ bi kálukú.

Monday mi ò fi ṣe é, planning, ìyẹn ìpàdé ìṣètò iṣẹ́, ti gba gbogbo ọjọ́ yẹn. Tuesday sí Thursday ni mo pín wọn sí, mi ò kí ń ṣe ju mẹ́ta lọ lójúmọ́, torí lẹ́yìn ìkẹta etí èèyàn wà níbẹ̀, ọkàn ẹ̀ ti lọ. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀. Ẹni tó ti pẹ́, tó bá fẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì méjì, kò burú, òun ló máa yàn án. Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù, mi ò gbà. Ìsinmi á bọ́ sí i, àìsàn á bọ́ sí i, kẹ́ ẹ tó ṣẹ́jú oṣù méjì ti lọ, ọ̀rọ̀ tí èèyàn ì bá sọ nígbà tó ṣì kéré ti di lẹ́tà ìfiṣẹ́sílẹ̀. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni mo ń dá, settings kan wà nínú Google Calendar tí wọ́n ń pè ní speedy meetings tó máa ń gé e sí 25, mo ti tàn án, ìṣẹ́jú márùn-ún yẹn lo fi máa yọ́ lọ mu omi. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀: èèyàn méje, ká tiẹ̀ ní gbogbo wọn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, wákàtí mẹ́ta àbọ̀ nínú ogójì. Lead tó bá ní òun ò ráàyè fún ìyẹn, ẹ bi í kó sọ ohun tó ń fi ìyókù ṣe.

Iná àti dátà ńkọ́? Ẹ má fi kámẹ́rà ṣe dandan. Láti ìbẹ̀rẹ̀ 2025 tí NCC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó àwọn ilé iṣẹ́ fóònù, ti gbà kí àwọn MTN àti Airtel fi tó 50% lé owó tí wọ́n ń gbà, fídíò ti di nǹkan tí èèyàn ń ronú sí kó tó tàn án, pàápàá ẹni tí ilé iṣẹ́ ò bá san owó dátà fún, bí NEPA bá sì ti mú iná lọ, ínfátà ń lọ sílẹ̀ níkékeré. Ohùn tó mọ́ dáa ju ojú tó ń gan lọ. Ìgbà míì mo tiẹ̀ máa ń sọ pé ká kúkú pera wa lórí fóònù lásán, kálukú á máa rìn káàkiri àdúgbò ẹ̀, ẹ ò ní gbàgbọ́ bí àwọn ọkùnrin ṣe máa ń sọ̀rọ̀ tí wọn ò bá wojú èèyàn. Ẹ rí i pé ẹ ní nọ́ńbà gbogbo wọn, kìí ṣe Slack nìkan. Ní 14 March 2024 tí àwọn wáyà abẹ́ òkun já létí Abidjan, WACS, MainOne, ACE, SAT-3 lẹ́ẹ̀kan náà, íntánẹ́ẹ̀tì ọ̀pọ̀ èèyàn ní Nàìjíríà kú pátá, ẹni tí kò ní nọ́ńbà ọmọ iṣẹ́ ẹ̀ lọ́wọ́ lọ́jọ́ yẹn, kò lè mọ̀ bóyá wọ́n ń ṣiṣẹ́ àbí wọ́n ti sùn. Ẹni tó bá sì ń lo Zoom ọ̀fẹ́, ó máa ń já lẹ́yìn ogójì ìṣẹ́jú, kódà tó bá jẹ́ ẹ̀yin méjì péré. Google Meet ọ̀fẹ́ kìí dààmú ẹni méjì.

Ìwé àjọkọ wà fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, Google Doc kan tó jẹ́ èmi àti òun nìkan ló lè ṣí i. Ọjọ́ tuntun máa ń wà lókè. Kó tó di ọjọ́ ìpàdé, òun á ju ohun tó fẹ́ sọ síbẹ̀, ìlà kan ti tó, ìgbà míì ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló máa ń kọ, bíi "owó" tàbí "àárẹ̀". Èmi á fi tèmi sábẹ́ tiẹ̀, tiẹ̀ la sì máa ń kọ́kọ́ mú, ká tiẹ̀ má dé orí tèmi. GitLab, ilé iṣẹ́ tí kò ní ọ́fíìsì rárá, gbé gbogbo ìlànà iṣẹ́ wọn sórí íntánẹ́ẹ̀tì tí ẹnikẹ́ni lè kà á, ọ̀rọ̀ one-on-one wà ńbẹ̀, ẹ lọ wò ó, àmọ́ ẹ má gbé e bó ṣe wà, tiwọn ni. Nínú ìwé tiwa, ohun tó ṣe pàtàkì jù sí mi ni ohun tí ÈMI ṣèlérí. Tí mo bá ní màá bá ilé iṣẹ́ sọ̀rọ̀ lórí kọ̀ǹpútà ẹ̀ tó ti gbó, mo ń kọ ọ́ sílẹ̀ lójú ẹ̀, ọ̀rọ̀ yẹn la sì máa fi bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ mìíràn, bóyá ó ti ṣeé ṣe o, kò tíì ṣeé ṣe o. Èèyàn lè fara da "wọn ò gbà". "Màá wò ó" tí kò lórí tí kò nídìí ló ń pa ọkàn èèyàn.

Ẹ jẹ́ kí n mẹ́nu ba owó, torí òun ni gbogbo èèyàn ń sá fún. Láti June 2023 tí wọ́n ti jẹ́ kí náírà máa wá ipò ẹ̀ fúnra ẹ̀, ẹni tó ń gba náírà àti ẹni tó ń gba dọ́là nínú tíìmù kan náà ò sí nílé ayé kan náà mọ́, wọ́n sì mọ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn á dé, ẹ má ṣe bíi pé ẹ ò gbọ́. Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé mi ò ní ṣèlérí iye kankan, torí kìí ṣe èmi ni mo ni àpò, màá ní irú ọjọ́ báyìí ni màá padà wá fún ẹ lésì, màá kọ ọjọ́ yẹn sínú ìwé, màá sì padà wá kódà tó bá jẹ́ òfo ni mo mú bọ̀. Mo tún máa ń sọ òótọ́ kan tí àwọn HR, àwọn tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, ò fẹ́ kí n máa sọ, pé tí ibòmíì bá pè ẹ́, lọ gbọ́ ohun tí wọ́n fẹ́ sọ. Ẹni tó mọ̀ pé òun lè sọ fún mi pé wọ́n pe òun, á sọ fún mi kó tó fọwọ́ sí i. Èyí tó bá fi pamọ́, ọjọ́ tó bá ń lọ gan-an lẹ máa gbọ́.

Àwọn bot tó ń wọ mítìn láti ṣe àkọsílẹ̀, tí wọ́n fi AI ṣe, ẹ lé wọn jáde nínú ìpàdé ẹlẹ́ni méjì. Mi ò bá wọn jà níbi planning, wọ́n wúlò níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló máa jókòó síwájú ẹ̀rọ tó ń gba ohùn sílẹ̀ tó máa sọ pé ọ̀gá àgbà ń já òun kulẹ̀? Bírò àti jọ́tà ni mo fi ń kọ tèmi. Ohun tó bá jẹ́ àṣírí kìí tiẹ̀ wọ Google Doc, orí mi ló ń wà.

Tí ọjọ́ bá pé tí mi ò bá ráàyè, mò ń sún un sí ọjọ́ míì nínú ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà, mi ò kí ń pa á rẹ́. Ọmọ iṣẹ́ tó bá fẹ́ pa á rẹ́, ó lómìnira, àmọ́ tó bá tún ṣe bẹ́ẹ̀ léraléra mo máa ń pè é, torí ẹni tí gbogbo nǹkan dáa fún kìí sábà sá fún ọ̀gá ẹ̀. Ìgbà míì sì wà tí kò sí ọ̀rọ̀ lóòótọ́. A kíra, a rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní òun ò ní nǹkankan, èmi náà ò ní, ìṣẹ́jú mẹ́wàá a ti tán, kálukú padà sídìí iṣẹ́. Ẹ má wá ọ̀rọ̀ kún un. Àǹfààní ọjọ́ yẹn ni pé àyè wà níbẹ̀ tó bá nílò ẹ̀.

Àwọn tó jẹ́ ẹgbẹ́ ara wọn náà yẹ kó máa ráyè bá ara wọn sọ̀rọ̀ láìsí ọ̀gá níbẹ̀. Donut wà lórí Slack, ó máa ń so èèyàn méjì méjì pọ̀ fúnra ẹ̀ pé kí wọ́n gbọ́ ara wọn. Ará Manchester àti ará Bengaluru wa, ibẹ̀ ni wọ́n ti mọ̀ pé àwọn méjèèjì ló ń bá ìṣòro database kan náà jà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Mi ò sí níbẹ̀, mi ò sì béèrè ohun míì tí wọ́n sọ.

Èyí tó kù, mi ò rí kí ẹnikẹ́ni sọ ọ́. Tí ẹnì kan bá kúrò lábẹ́ yín lọ sábẹ́ lead míì nínú ilé iṣẹ́ kan náà, wọ́n lè ní kẹ́ ẹ fún lead tuntun yẹn ní link ìwé one-on-one yẹn, kó lè mọ ìtàn ẹni náà. Ẹ kọ̀. Ẹ kọ́kọ́ bi ẹni tó ni ọ̀rọ̀, kẹ́ ẹ jọ jókòó, kó yan èyí tó fẹ́ kó tẹ̀lé òun lọ, ẹ kọ ìyẹn sí ojú ewé tuntun, kẹ́ ẹ sì yọ ara yín kúrò lórí ti àtijọ́ kó jẹ́ pé òun nìkan ló kù síbẹ̀. Tí HR bá ní àwọn fẹ́ nǹkankan, àbọ̀ àyẹ̀wò iṣẹ́ ọdọọdún wà lọ́dọ̀ wọn, kí wọ́n ka ìyẹn.